Ọwọ́ Ìyá Mi Tí Wọ́n Dè Sẹ́yìn

Nígbà tí mo ṣì ń fi ẹsẹ̀ lásán sáré kiri Ojú Òre níbí, kò sí télọ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ yá tó ti ìyá mi. Tí ẹ bá gbé aṣọ wá láàárọ̀, ẹ ó wọ̀ ọ́ lọ síbi yìgì lọ́sàn-án. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi o, bí èmi fúnra mi ò tiẹ̀ lè fara balẹ̀ lónìí. Láti àárọ̀ ni mo ti ń dìde, tí mo ń jókòó, tí mo ń yọjú wo ìta.

Àwọn kan máa ń sọ pé láyé àtijọ́, ẹni tó bá ti mọṣẹ́ ló lè gbọmọ síṣẹ́. Irọ́ ni! Ẹgbẹ́ àwọn télọ̀ àdúgbò wa ní òfin tiwọn. Ẹni tó bá fẹ́ máa kọ́ ọmọ níṣẹ́, wọn ò ní wo aṣọ tí òun fúnra rẹ̀ rán. Wọ́n á mú ọmọ kan tí ò di sísọ́ọ̀sì mú rí wá síwájú rẹ̀, wọ́n á ní kó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń gé ọrùn bùbá. Èyí tí ọmọ yẹn bá gé ni wọ́n á wò.

Iṣẹ́ ti pọ̀ ju agbára ìyá mi lọ, wọ́n nílò ọmọṣẹ́, ni wọ́n bá lọ síwájú ẹgbẹ́. Ojú mi ló ṣe. Ọmọ náà gé e wọ́, ìyá mi ní rárá. Ó tún gé e wọ́, ni ìyá mi bá já sísọ́ọ̀sì gbà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n gé e fúnra wọn. Kíá, ọrùn bùbá ti jáde, ó rẹwà. Ìyá mi rẹ́rìn-ín. Àwọn àgbà ẹgbẹ́ ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí ìyá mi máa lọ sílé, kí wọ́n padà wá lọ́dún tó ń bọ̀. Háà! Ìyá ọlọ́mọ! Ojú tì wọ́n débi pé ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ń gbà wọlé.

Mo rò pé ó ti parí. Àmọ́ lọ́jọ́ kan wọ́n wẹ̀, wọ́n múra, wọ́n gba ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá télọ̀ kan lọ ní Ilo-Awela. Obìnrin náà fi gèlè de ọwọ́ ìyá mi sẹ́yìn, ó ní kí wọ́n máa fi ẹnu nìkan kọ́ àwọn ọmọṣẹ́ òun. Ìyá mi ń làágùn, èjìká wọn ń mì, ọwọ́ wọn ń jà nínú gèlè. “Yí i sápá ọ̀hún… rárá, apá ọ̀hún!” Àwọn ọmọ náà á máa fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ń lọ bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́, títí ẹnu wọn fi lè sọ ohun tí ọwọ́ wọn mọ̀. Nígbà tí ọdún yípo, wọ́n padà síwájú ẹgbẹ́, wọ́n sì yege.

Kí ló dé tí mo ń rojọ́ yìí? Ọmọbìnrin mi ni. Iṣẹ́ wáyà iná ló ń kọ́ àwọn ọmọ nílé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ kan ní Àtàn-Ọ̀tà. Ó ti ṣiṣẹ́ pẹ́ ní fakitírì ní Sango kó tó débẹ̀. Òfin wá dé pé ẹni tí ò bá ní ìwé ẹ̀rí olùkọ́ ò ní dúró ní kíláàsì mọ́, àfi kó lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ́ni. Òní ni wọ́n máa gba orúkọ àwọn tó fẹ́ lọ kọ́ ọ kẹ́yìn. Inú bí i gan-an. “Màmá, èmi tí mo mọṣẹ́ yìí! Kí ni wọ́n tún fẹ́ kọ́ mi? Fakitírì ni mò ń padà sí jàre.” Mo sọ ti ìyá mi fún un lánàá. Ó kàn gbé báàgì rẹ̀, ó bá tiẹ̀ lọ.

Mi ò gbè sẹ́yìn òfin yẹn tán o. Ìwé ni wọ́n ń béèrè, ta ló máa wo ohun tí ọmọ gé? Ìyẹn náà ń dùn mí. Àmọ́ tí ọmọ mi bá kúrò, àwọn ọmọ tó ń kọ́ yẹn ń kọ́? Ọkàn mi ò balẹ̀ rárá.

Ẹ dúró ná, fóònù mi ń dún.

Òun ni o. Ó ti tò sórí ìlà níbi tí wọ́n ti ń gba orúkọ. Ó ní àwọn ọmọ kéékèèké tó tò síwájú òun ń pe òun ní Mọ́mì. Ó wá ní, “Màmá, àyà mi ń já. Ṣé àyà ìyá àgbà náà já, lọ́jọ́ tí wọ́n padà lọ?”

Láyé tiwa, ta ló jẹ́ bi ìyá rẹ̀ nírú ìbéèrè yẹn? Ńṣe là ń wò wọ́n. Mo ní, “Ọmọ mi, mi ò mọ̀. Mi ò bi wọ́n rí.”