Táyà Tí Mo Yàn fún Ọ̀kadà Nọ́ọ̀sì Mojí

Ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn lórúnkún Nọ́ọ̀sì Mojí lọ́jọ́ tó ti ọ̀kadà rẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù mi n'Ìkàrẹ́. Kò tilẹ̀ kí mi. Ó gbé e dúró, ó ní, "Ìyá Ṣadé, táyà yìí yọ̀ lórí òkúta, mo sì ṣubú. Ẹ bá mi wá ẹni tó máa ra ọ̀kadà yìí. Mi ò gùn ún mọ́ láyé. Màá ní kí wọ́n gbé iṣẹ́ mi wá sí Ìkàrẹ́ níbí."

Ìlú Ọ̀kà ni nọ́ọ̀sì yìí ń gbé, òun nìkan ló sì ń gbé abẹ́rẹ́ àjẹsára lọ fún àwọn ọmọ inú abà tó wà lẹ́yìn ìlú Ikùn. Bí kò bá lọ mọ́, àwọn ìyá ni yóò máa pọn ọmọ fẹsẹ̀ rìn wá sí ìlú, ta ló sì máa fi iṣẹ́ oko sílẹ̀ nítorí abẹ́rẹ́? Ohun tó wá dùn mí jù ni pé èmi ni mo yan táyà yẹn. Èmi, tí bàbá mi kọ́ níṣẹ́ fọganáísà láti kékeré, tí àwọn ọkùnrin ń fo ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin wá bá!

Mi ò ṣèèṣì yàn án. Nígbà tó kọ́kọ́ wá, tíúbù ló ń lò. Bí ìṣó bá ti gún un, ó jókòó sínú igbó nìyẹn, yìnyín inú kúlà abẹ́rẹ́ á sì máa yọ́. Mo wo rìmù rẹ̀, kì í ṣe onísípókù, odindi irin ni. Mo ní táyà tí kì í lo tíúbù máa bá a mu. Bí ìṣó bá gún irú ẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ló ń jò, a sì lè dí i láti ìta láìtú ẹsẹ̀ ọ̀kadà. Ó nàka sí èyí tó ní eyín gàgàrà.

Mo ní, "Rárá o, nọ́ọ̀sì. Ẹrẹ̀ nìkan ni ìyẹn mọ̀. Ìdajì ọ̀nà rẹ, ọ̀dà ni. Ṣé o fẹ́ kó mì ẹ́ títí eyín ẹnu rẹ á fi yọ ni?"

Èyí tí àárín rẹ̀ tẹ́jú díẹ̀ fún ọ̀dà, tí eyín ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì là dáadáa fún ẹrẹ̀ la mú.

Kí ló wá dé? Mo fi géèjì sí i. Háà! Atẹ́gùn inú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì èyí tí mo fún un.

"Ta ló fẹ́ atẹ́gùn sí i báyìí?"

"Bàbá Tóbi ni. Àràárọ̀ ló ń fi pọ́ǹpù ọwọ́ fẹ́ ẹ kí n tó jáde."

Bàbá Tóbi, ọkọ rẹ̀! Ẹ̀rín pa mí, inú sì tún bí mi. Àgbẹ̀ oníṣu ni, ọ̀kadà tirẹ̀ ń ru iṣu gègèrè. Báyìí ni gbogbo wọn ń ṣe: wọ́n á fi gìgísẹ̀ gbá táyà, bí kò bá le bí àpáta, wọ́n á ní kò lágbára. Ṣùgbọ́n lábẹ́ ẹni tó gbé kúlà kékeré, ńṣe ni táyà líle ń ta lórí òkúta, kì í di ilẹ̀ mú.

Mo ti ṣọ́ọ̀bù, mo fi ọ̀kadà náà gbé nọ́ọ̀sì, a rọra forí lé Ọ̀kà. Bàbá Tóbi ti ń dúró de ìyàwó rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó sì rí ẹ̀jẹ̀ orúnkún rẹ̀.

"Ìyá Ṣadé, táyà yín ló ṣe ìyàwó mi léṣe."

"Àbí pọ́ǹpù yín?"

Ojú rẹ̀ le. "Ṣé kí n jẹ́ kó gbé táyà rírọ̀ wọgbó? Tó bá jò mọ́ ọn lọ́wọ́ níbi tí kò séèyàn ńkọ́? Ọkàn mi kì í balẹ̀ títí á fi dé."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Àánú ìyàwó rẹ̀ ló ń mú un fi pọ́ǹpù ṣe wàhálà láràárọ̀, àṣejù sì ni baba àṣetẹ́. Mi ò lè bú u mọ́.

Mo ní kó gùn ún fúnra rẹ̀ gba orí àpáta tó wà lẹ́yìn ilé wọn. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn yọ̀ gẹ̀ẹ́rẹ́, ó pariwo ní èdè Ọ̀kà, Mojí ń rẹ́rìn-ín. Mo tú atẹ́gùn inú táyà náà títí géèjì fi dé ibi tó yẹ, kò sì gbọdọ̀ rọ̀ jù, kó má baà bọ́ létí rìmù. Bàbá Tóbi tún gòkè, ó sọ̀ kalẹ̀.

"Ó di ilẹ̀ mú."

Nọ́ọ̀sì tiro lọ gba ọ̀kadà lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀, ó gòkè, ó sọ̀. Ó ní, "Ọ̀la, mò ń lọ sí abà."

Mo fi géèjì kan sílẹ̀ fún Bàbá Tóbi. "Ẹ máa wò ó láràárọ̀ o. Ẹ má fẹ́ ẹ."

Lónìí, bí Mojí bá wá gbé abẹ́rẹ́ n'Ìkàrẹ́, iwájú ṣọ́ọ̀bù mi ló ń gbà kọjá. Á fun fèrè, á juwọ́ sí mi, kò ní dúró. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní oníbàárà ti já mi sílẹ̀. Mo ní ẹ jẹ́ kó máa lọ, àwọn ọmọ ń dúró dè é.