Ọjọ́ Mẹ́ta Tí Kóòṣì Sẹ̀gilọlá Fi Sá fún Tiwátọ́pẹ́

Ohun tó ń ba Sẹ̀gilọlá Akínladé lẹ́rù jù láyé yìí kì í ṣe olè, kì í sì í ṣe àìsàn. Ọ̀rọ̀ kúkúrú kan ni: "Kóòṣì, mo fẹ́ rí yín." Bí ọ̀rọ̀ yìí bá ti wọ fóònù rẹ̀, inú rẹ̀ á dàrú, oúnjẹ ò ní gba ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ lọ mọ́, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn ọmọbìnrin tó kù sí i lọ́wọ́ bí ìyá adìẹ tí àṣá ń rà bàbà lókè orí rẹ̀.

Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́ta ni, ọmọ Iléṣà, ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì. Ilé rẹ̀ wà ní Ọ̀fàtẹ̀dó. Láràárọ̀ ni ọ̀kadà ń gbé e lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Òṣogbo, níbi tó ti ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n tí tọmọdé tàgbà ń pè ní básíkẹ́ẹ̀tì. Òun náà gbá a nígbà èwe rẹ̀, títí orúnkún rẹ̀ ọ̀tún fi sọ pé ó tó gẹ́ẹ́. Kò ga, kò sì sanra. Bí ẹ bá pàdé rẹ̀ lójú títì, ẹ ó rò pé ó ń lọ ta aṣọ ni. Ṣùgbọ́n ní pápá, ohùn rẹ̀ nìkan tó láti mú kí ọmọ tó ga ju ilẹ̀kùn lọ fẹsẹ̀ fẹ.

Tẹ́lẹ̀ rí, kọ́lẹ́ẹ̀jì tí ọmọ bá wọ̀, ibẹ̀ náà ni yóò ti máa gbá bọ́ọ̀lù títí yóò fi gbàwé ẹ̀rí. Ìgbà tí òfin yí padà ni tíráńsífà dé. Ọmọ lè kó ẹrù kúrò ní ilé ẹ̀kọ́ kan lónìí kó sì gbá bọ́ọ̀lù fún òmíràn lọ́la, bí kóòṣì tó ń fi sílẹ̀ bá ti fọwọ́ sí lẹ́tà ìyọ̀nda. Àwọn yunifásítì aládàáni bá ráyè. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, yàrá ọ̀fẹ́, bàtà tuntun ni wọ́n fi ń fa ọmọ lójú mọ́ra. Lọ́dún tó kọjá, tíìmù Sẹ̀gilọlá ṣe ipò kẹta ní gbogbo orílẹ̀-èdè. Kí òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀, mẹ́rin nínú àwọn márùn-ún tó máa ń bẹ̀rẹ̀ eré ti lọ, "Kóòṣì, mo fẹ́ rí yín" sì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn fi bẹ̀rẹ̀ kó tó tọrọ lẹ́tà. Ó sunkún nínú yàrá tí wọ́n ń kó bọ́ọ̀lù sí, ó nu ojú, ó sì jáde lọ wá àwọn mìíràn.

Ẹ má rò pé ẹni mímọ́ ni o. Òun náà ń já tàwọn ẹlòmíràn gbà. Bó ṣe yọ Ìwàlẹwà kúrò ní pólì kan nìyẹn, bó ṣe fi ọ̀rọ̀ dídùn tan Susannah kúrò lọ́dọ̀ kóòṣì tó jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ nìyẹn, ọ̀rẹ́ náà kò sì kí i mọ́ títí dòní. Ẹni tó bá da eérú ni eérú ń tọ̀. Àsìkò tíráńsífà wá di adìẹ bà lókùn: ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ.

Ó tún ní ìwà kan. Bó bá rí ọmọ tó dára ju èyí tó wà nílẹ̀ lọ, kò ní ẹnu tí yóò fi sọ fún tàtijọ́ pé àyè rẹ̀ ti bọ́. Ẹ̀rù ni kì í jẹ́ kó lè wo ọmọ lójú. Ńṣe ló máa ń dákẹ́. Kò ní pè é, kò ní dá a lóhùn, ẹ̀yìn kíláàsì ni yóò máa gbà kọjá. Tó bá di ọjọ́ kejì, ọjọ́ kẹta, ohun tí ìdákẹ́jẹ́ náà ń wí á yé ọmọ, á sì kó bàtà rẹ̀ lọ. Àwọn ọmọ mọ̀ ọ́n mọ́ ọn. Wọ́n tiẹ̀ fi ń ṣẹ̀fẹ̀ ní họ́sítẹ́ẹ̀lì pé kóòṣì ti dákẹ́ sí lágbájá.

Tiwátọ́pẹ́ nìkan ni kò já gbà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọmọ àgbẹ̀ kòkó ni, láti abúlé kan lẹ́yìn Iléṣà. Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni Sẹ̀gilọlá rí i lóko, níbi tó ti ń na ọwọ́ lásán já kòkó tí àwọn ẹlòmíràn ń fi ọ̀pá gọ̀ǹgọ̀ já. Ọmọ náà kò tíì di irú bọ́ọ̀lù bẹ́ẹ̀ mú rí. Bàbá rẹ̀, Pa Elisha Ògúnjìnmí, alàgbà ní ìjọ Àpọ́sítélì, kọ̀ jálẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà kẹta, Sẹ̀gilọlá lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà wọn bí òṣómàáló tó ń sin gbèsè, kò sì dìde títí oòrùn fi yí. Ìgbà yẹn ni bàbá náà rẹ́rìn-ín. Ó fi ọwọ́ ọmọ lé e lọ́wọ́, ó gbàdúrà, ó sì sọ pé: "Ìwọ ni mo fà á lé lọ́wọ́. Ọjọ́ tóo bá fẹ́ rí mi, mú un wá."

Lọ́dún yìí, Tiwátọ́pẹ́ ni òpó tó gbé tíìmù ró. Gbogbo ẹni tó mọ̀ nípa básíkẹ́ẹ̀tì ló ń sọ pé bó bá wà níbẹ̀, ife ń bọ̀ ní Òṣogbo. Bí kò bá sí, kí wọ́n má wulẹ̀ wọ mọ́tò. Ìdíje ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Ọjọ́bọ̀ sì ni ìforúkọsílẹ̀ yóò parí. Ní Ọjọ́ Àìkú tó ṣáájú rẹ̀, bí wọ́n ṣe ṣe oore-ọ̀fẹ́ tán ní ṣọ́ọ̀ṣì, fóònù Sẹ̀gilọlá dún. Tiwátọ́pẹ́ ló kọ̀wé. "Kóòṣì, mo fẹ́ rí yín."

Sẹ̀gilọlá ka ọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀mẹta, bí ẹni tó ń retí kó yí padà. Ó wá rò ó pé bí òun kò bá rí ọmọ náà, ọmọ náà kò ní lè tọrọ lẹ́tà. Bí kò bá sì tọrọ lẹ́tà títí Ọjọ́bọ̀, ó di dandan kó dúró. Èrò ojo ni, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní Ọjọ́ Ajé, ó ní ara òun ò yá. Ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó rí Tiwátọ́pẹ́ lókèèrè, ó sáré yà sínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àwọn olùkọ́ ọkùnrin, ó sì dúró síbẹ̀ títí olùkọ́ ìṣirò fi wọlé bá a. Ìpè mẹ́fà ló wọlé sórí fóònù rẹ̀, kò gbé ẹyọ kan.

Nígbà tó di Ọjọ́rú, kò lè fara dà á mọ́. Ó pinnu pé òun á lọ bẹ Pa Elisha kó kìlọ̀ fún ọmọ rẹ̀ pé kó má lọ. Ó bẹ Bàbá Silas, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì tó ń bá wọn kọ iye ayò sílẹ̀ nígbà eré, pé kó tẹ̀ lé òun, torí ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀ ò dùn láìsí àgbà níbẹ̀. Irun Bàbá Silas funfun bí òwú. Mọ́tò rẹ̀ ni wọ́n gbé.

Wọ́n bá Pa Elisha àti ìyàwó rẹ̀, Àgbékẹ́, níbi tí wọ́n ti ń yí kòkó tí wọ́n sá sórí ẹní. Lẹ́yìn ìkíni, ìyá bèèrè pé Tiwátọ́pẹ́ ńkọ́. Sẹ̀gilọlá, tí ẹ̀bẹ̀ kún lẹ́nu rẹ̀ tí kò mọ ibi tó máa gbà bẹ̀rẹ̀, dáhùn pé kí wọ́n kọ́kọ́ jókòó ná. Bàbá Silas tọrọ omi. Ó mu ún, ó wúkọ́, ó ní kí ìyá fọkàn balẹ̀.

Lágbègbè ibẹ̀, bí wọ́n ṣe ń túfọ̀ ọmọ nìyẹn. Ẹnikẹ́ni kì í là á mọ́ òbí lójú. Wọ́n á mú àgbà tí irun rẹ̀ funfun dání, wọ́n á ní kí òbí jókòó, wọ́n á mu omi, wọ́n á sọ̀rọ̀ yíká. Sẹ̀gilọlá mọ̀ bẹ́ẹ̀ bí ó ti mọ orúkọ ara rẹ̀, ọmọ ibẹ̀ ni. Ẹ̀rù kò jẹ́ kó rántí. Ìgbà tó rí i tí ọwọ́ Àgbékẹ́ dúró láàárín kòkó ló tó yé e, ó sì ti pẹ́ jù.

Ìyá náà rọra jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, lórí kòkó. Kò kígbe. "Ṣé ọmọ mi ti kú ni?"

Sẹ̀gilọlá ní rárá, ó wà láàyè, ó ní ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù lásán ló gbé àwọn wá. Kò sẹ́ni tó gbà á gbọ́. Ta ní í gbé àgbà wá láti Òṣogbo torí bọ́ọ̀lù?

"Mo ní ọjọ́ tóo bá ń bọ̀ ní ulé mi, kóo mú un dání," ni Pa Elisha wí. "O ò mú un dání. Ìgbà wo lo rí i kẹ́yìn?"

Yàtọ̀ sí bí Sẹ̀gilọlá ṣe rí i lókèèrè tó sì sá, kò bá ọmọ náà sọ̀rọ̀ láti Ọjọ́ Àbámẹ́ta. Bàbá Silas gbé fóònù, ó pe Tiwátọ́pẹ́. Wọ́n ti pa fóònù náà. Ó tún pè. Bákan náà ni.

Ìgbà náà ni ẹ̀rù gidi dé, èyí tó sọ gbogbo ti àtẹ̀yìnwá di eré ọmọdé. Ọmọ náà pe òun lẹ́ẹ̀mẹfà. Ta ló wá sọ pé ọ̀rọ̀ tíráńsífà ni? Bó bá jẹ́ pé àìsàn ló ń ṣe é ńkọ́? Bó bá jẹ́ pé ó wà nínú ewu, tó ń pe ẹni tí wọ́n fà á lé lọ́wọ́? Sẹ̀gilọlá kó gbogbo wọn sínú mọ́tò. Àgbékẹ́ jókòó tì í, ó di etí aṣọ rẹ̀ mú títí wọ́n fi dé Òṣogbo. Sẹ̀gilọlá ṣèlérí fún Ọlọ́run nínú ara rẹ̀ pé bí ọmọ yìí bá ṣáà wà láàyè, kó máa lọ síbi tó bá wù ú.

Etí pápá ni wọ́n ti bá a. Ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì, ó gbé báàgì rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ara rẹ̀ le koko. Ìyá rẹ̀ fọwọ́ kan orí rẹ̀, ó fọwọ́ kan apá rẹ̀ méjèèjì, ìgbà yẹn ló tó sunkún. Tiwátọ́pẹ́ ń wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣàlàyé fún un tán, ó yíjú sí kóòṣì rẹ̀.

"Ọjọ́ Àìkú ni yunifásítì kan pè mí, mà. Mi ò fẹ́ lọ. Mo fẹ́ kí ẹ kọ́ mi bí màá ṣe sọ ọ́ fún wọn ni, torí àgbàlagbà ló pè mí. Mo pè yín títí. Mo rí yín nígbà tí ẹ sá wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àwọn ọkùnrin. Mo ní, ó tán, kóòṣì ti dákẹ́ sí mi. Mo wá sọ fún wọn láàárọ̀ yìí pé mò ń bọ̀, mo sì pa fóònù."

"Ẹ̀rù ló bà mí," ni Sẹ̀gilọlá wí.

"Ẹ̀rù ba èmi náà, mà."

Sẹ̀gilọlá wo Pa Elisha bóyá yóò sọ pé kí ọmọ kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ. Bàbá náà mi orí. Ó ní nínú ilé òun, ọ̀rọ̀ tó bá ti jáde lẹ́nu kì í padà sẹ́nu. Àti pé ẹni tí ọmọ pè lẹ́ẹ̀mẹfà tí kò jẹ́, kò lè sọ pé wọ́n já ọmọ gbà lọ́wọ́ òun. Kò fi ìbínú sọ ọ́, ìyẹn ló sì dun Sẹ̀gilọlá jù. Tiwátọ́pẹ́ yọ lẹ́tà ìyọ̀nda jáde látinú báàgì rẹ̀. Sẹ̀gilọlá gbé e lé orúnkún rẹ̀ tó ń dùn ún, ó fọwọ́ sí i.

"Fún mi ní ọwọ́ ọmọ mi," ni Pa Elisha wí.

Sẹ̀gilọlá di ọwọ́ gígùn náà mú, ọwọ́ tó kọ́ fún ọdún mẹ́ta, ó sì fi lé bàbá rẹ̀ lọ́wọ́. Wọ́n lọ. Òun àti Bàbá Silas nìkan ló kù lórí bẹ́ǹṣì.

Wọn ò tíì dìde tí fóònù Sẹ̀gilọlá fi dún. Ìwàlẹwà ni. "Kóòṣì, mo fẹ́ rí yín."

Inú rẹ̀ dàrú bí ó ti máa ń dàrú. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ṣi ọ̀rọ̀ tẹ̀ kó tó rí i kọ: "Níbo lo wà? Mò ń bọ̀."