Obìnrin Mẹ́rin Inú Páálí

Ìyá mi lẹ́nu. Kì í ṣe èmi ni mo kọ́kọ́ sọ ọ́, gbogbo àdúgbò wa ní Ilare ló mọ̀. Tó bá ń bá ẹni tó ń ta gáàsì jà pé sílíńdà òun ò kún, ẹni tó wà nísàlẹ̀ òpópónà á ti mọ iye kílò tó kù. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tó jẹ́ pé ohùn jẹ́jẹ́ ló máa fi ń bi èèyàn: "Ṣé mo jọ ìyá mi?" Kò sí ẹni tó lè dá a lóhùn. Ìyá rẹ̀ kú nígbà tí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hu eyín, àwọn ará ilé bàbá rẹ̀ ló tọ́ ọ, kò sì sí fọ́tò kankan nílẹ̀. Lọ́jọ́ tí dókítà sọ fún wa pé ojú òsì ti lọ, pé ọ̀tún náà ò ní pẹ́ tẹ̀lé e, ohun tí Màmá sọ nínú mọ́tò bí a ṣe ń padà bọ̀ ni pé, "Kò burú. Kí ni mo tún fẹ́ fi wò? Ẹni tí mo fẹ́ rí, n ò rí i." Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọ egungun.

Iṣẹ́ ìwé ni mò ń ṣe. Mo ń tọ́jú fáìlì ní ọ́fíìsì ìjọba kan ní Ifẹ̀ tí n kò ní dárúkọ, torí mo ṣì ń lọ síbẹ̀ láàárọ̀ Mọ́ńdè. Alángbá ló pọ̀ jù nínú yàrá tí a ń kó fáìlì sí. Kọ́bọ́ọ̀dù mẹ́ta ló wà níbẹ̀: méjì ò ṣeé tì, ẹ̀kẹta ò ṣeé ṣí, torí bàbá tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ti fẹ̀yìn tì, ó sì ní òun ò ní dá a padà àfi tí wọ́n bá ṣe ayẹyẹ ìdágbére tó lójú fún òun. Nígbà tí wọ́n wá ní kí ẹnì kan lọ sí Jámánì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kó lọ wo bí àwọn ará ibẹ̀ ṣe ń tọ́jú ìwé, gbogbo ọ̀gá ló fẹ́ lọ. Pásípọ́ọ̀tù àwọn méjì ti kú, ẹ̀kẹta ń bẹ̀rù òtútù. Bí ó ṣe kàn mí nìyẹn.

Ìlú kékeré ni wọ́n rán mi lọ. Tí ẹ bá kó gbogbo ariwo ibẹ̀ jọ fún ọdún kan, kò tó ti Edunabon lọ́jọ́ ọjà kan ṣoṣo. Bàbá kan tó máa ń wọ jígí méjì, ọ̀kan lójú, ọ̀kan lórí, ló ń tọ́jú ilé àkójọ ìwé ìlú náà. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ le bí tèmi, nítorí náà a gbọ́ ara wa yé. Kí n tó jókòó, ó ní kí n fọwọ́. Ó gba báírò mi, ó fún mi ní pẹ́ńsù. Ó ní n kò gbọdọ̀ jẹun, n kò gbọdọ̀ mu omi, n kò sì gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ sókè. Mo ní tó bá jẹ́ pé béèyàn ṣe ń wọ ọ̀run nìyí, ọ̀pọ̀ ará Ifẹ̀ ni yóò yà kúrò lójú ọ̀nà. Kò rẹ́rìn-ín.

Ó sọ ìtàn ilé náà fún mi bí ẹni ń ka oríkì baba rẹ̀. Ó ní àpótí igi kan ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, láyé àtijọ́ tí ọba wọn fún wọn níwèé àṣẹ láti máa ná ọjà. Àgádágodo mẹ́ta ló wà lára àpótí náà, àgbà ìlú mẹ́ta ló sì mú kọ́kọ́rọ́ wọn lọ́wọ́, ọ̀kan fún ẹnì kan, kí ẹnikẹ́ni má baà dá a ṣí. Mo bi í bóyá wọn ò fọkàn tán ara wọn ni. Ó ní rárá, ètò ni. Èmi mọ ohun tí mo mọ̀. Àwa, bàbá kan ló gbé kọ́kọ́rọ́ lọ ilé. Àwọn, ó gba bàbá mẹ́ta kí irú rẹ̀ tó lè ṣẹlẹ̀.

Láti inú àpótí, wọ́n kó ìwé lọ sínú ilé ìṣọ́ gíga tó wà lórí gbọ̀ngàn ìlú. Iná jó ilé náà. Àwọn ìwé tó bọ́ nínú iná dúdú létí bí búrẹ́dì tí wọ́n gbàgbé sínú ààrò. Nígbà tí ogun dé, wọ́n tún kó gbogbo rẹ̀ sá sí àjà ilẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń pọn ọtí, mo sì lè búra pé àwọn ìwé ìpàdé ìgbìmọ̀ kan ṣì ń rùn bíà títí dòní. Bàbá olójú-jígí ní òun ò gbóòórùn nǹkan kan. Ó ti mọ́ ọn lára.

Kí ló wà níbẹ̀? Ìwé àṣẹ ọba yẹn wà níbẹ̀, òǹtẹ̀ ìda ara rẹ̀ fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́. Àmọ́ ẹjọ́ ló pọ̀ jù. Ẹlẹ́dẹ̀ ẹnì kan wọ oko ẹnì kejì, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Obìnrin kan da omi ìdọ̀tí síwájú ilé aládùúgbò, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n ti ẹni tó ń ṣe búrẹ́dì kíń-kìn-kíń bọ odò, wọ́n sì kọ ìgbà tí wọ́n tì í sísàlẹ̀ àti ìgbà tí wọ́n fà á sókè. Irú ìjà tí àwa ń jà láàárọ̀ tí a ó ti gbàgbé kó tó di ìrọ̀lẹ́, àwọn di tiwọn sínú awọ, wọ́n wá ń fi ẹ̀rọ amúlétutù fẹ́ ẹ. Mo sọ fún bàbá náà pé ká ní ìlú wọn ni wọ́n bí ìyá mi sí, wọn ì bá ti kọ́ ilé kejì.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, ó gbé páálí kan wá, ó ń rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó ní, "A ní Ifẹ̀ níbí." Ọmọ ìlú wọn kan ló wá ṣe mẹkáníìkì ọkọ̀ akẹ́rù kòkó lọ́dọ̀ wa láyé àwọn òyìnbó. Nígbà tó kú, ọmọbìnrin rẹ̀ kó àwọn fọ́tò rẹ̀ wá síbẹ̀. Bàbá náà yọ ọ̀kan síwájú mi: obìnrin mẹ́rin níwájú ilé alámọ̀, òkúta pẹlẹbẹ kan lẹ́sẹ̀ wọn. Mo mọ òkúta náà. Òun ni wọ́n fi ń pọ́n àdá níwájú agboolé ìyá ìyá mi ní Òkèrèwè, ó sì wà níbẹ̀ títí di àárọ̀ òní. Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rin yìí lè jẹ́ ìyá ìyá mi.

Mo ní kó mú káàdì tí wọ́n kọ àlàyé fọ́tò náà sí wá. Wọ́n ti fi lẹ́tà tó mọ́ kọ ọ́ pé: obìnrin mẹ́rin níwájú ilé, láti òsì sí ọ̀tún, Ìyáàfin Ìbàdíàrán, Ìyáàfin Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, Ìyáàfin Adúmáadán, Ìyáàfin Eyínfúnjowó, inú ń bí ẹni tó kẹ́yìn.

Ẹ̀rín pa mí. Nínú yàrá tí èèyàn ò ti gbọdọ̀ wúkọ́, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú mi. Ìyàwó ilé ni mẹkáníìkì náà lọ bi lórúkọ àwọn ọmọ ilé! Ìyàwó ilé wo ló máa pe ọmọ ọkọ rẹ̀ lórúkọ? Ìbáà jẹ́ èyí tí wọ́n bí lójú rẹ̀, orúkọ tí òun fúnra rẹ̀ fi pọ́n ọn lé ló máa pè é. Obìnrin náà dáhùn bí ọmọlúàbí, òyìnbó kọ ọ́ sílẹ̀, ìjọba Jámánì sì fi òǹtẹ̀ lù ú. Nígbà tí mo ṣàlàyé tán, bàbá náà bọ́ jígí méjèèjì. Ó ní òun ti kọ lẹ́tà sí Nàìjíríà rí, òun ń wá ẹbí Ìbàdíàrán.

Mo ní kó fún mi ní ẹ̀dà kan. Ó ní òfin ò gbà, àfi kí àwọn tó wà nínú fọ́tò fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù. Mo ní àwọn òkú ò ní lè wá lásìkò iṣẹ́. Ó ronú sí i fún ọjọ́ méjì, ó wá fún mi, pẹ̀lú àdéhùn pé n óò fi orúkọ wọn gan-an ránṣẹ́.

Nígbà tí mo délé, mo gbé e lọ sọ́dọ̀ onífọ́tò kan ní Lágéré, wọ́n sọ ọ́ di ńlá, ó tó kàlẹ́ńdà. Màmá fi ojú ọ̀tún lẹ̀ mọ́ ọn. Kò pẹ́ tó fi mú ẹnì kejì, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, arẹwà tó lọ́rùn gígùn. Ó ní, "Òun nìyí. Wo ọrùn. Ọrùn wa nìyẹn." Ọrùn Màmá kúrú gan-an, ṣùgbọ́n ta ni yóò wí? Ẹnì kẹrin ló wá fi ṣe yẹ̀yẹ́ fún odidi ọ̀sẹ̀ kan. Obìnrin náà la ẹnu gbàgà, ó na ọwọ́ kan síwájú, ó na ìkejì sẹ́yìn sí ẹnu ọ̀nà. Màmá ní, "Wo eléyìí! Ṣé mọ́tò ló ń darí ni? Wọ́n ní ká ya fọ́tò, ó ń jà. Ọkọ rẹ̀ á jìyà."

Kò sí ẹni tó mọ̀ wọ́n mọ́ ní Òkèrèwè. Àwọn àgbà ibẹ̀ báyìí, ọmọdé ni wọ́n nígbà náà. Wọ́n ní ó ku ìyàwó ilé kan ṣoṣo láyé, ó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún, ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin ló wà ní Edunabon. Mo fi mọ́tò gbé Màmá lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé kan. Ìyá àgbà náà kéré, ó gbẹ, ojú rẹ̀ sì mọ́lẹ̀ ju tiwa lọ. Bó ṣe gbọ́ ọmọ ẹni tí Màmá jẹ́, ó ní, "Ọkọ mi, ẹ káàbọ̀."

Mo tẹ́ fọ́tò síwájú rẹ̀. Màmá yára fi ìka sí arẹwà. "Ìyá mi nìyí, àbí?"

Ìyá àgbà ò wo ibẹ̀. Ó ń wo ẹnì kẹrin. Lójijì ó fẹ́ kúnlẹ̀. Ọmọ rẹ̀ sáré dì í mú, ó ń jà mọ́ ọn lọ́wọ́ pé kó fi òun sílẹ̀. Ó ní, "Eyínfúnjowó! Ọkọ mi!" Ó wá yíjú sí Màmá. "Ẹni tó bí yín nìyí o."

Màmá yọ ìka kúrò lára arẹwà náà.

Èmi ni mo bi ìyá àgbà pé kí ló ń bí Eyínfúnjowó nínú lọ́jọ́ náà. Ìyá àgbà ní, "Inú wo? Òyìnbó yẹn ti ní òun ń yà á, ọkọ mi wá rántí pé ọmọ òun ń sùn nínú ilé. Ó ní kó dúró, ká gbé ọmọ òun wá sí i. Òyìnbó ò gbédè. Ó ti yà á." Ó fọwọ́ tọ́ka sí ẹnu ọ̀nà tó ṣókùnkùn lẹ́yìn wọn. "Inú ibẹ̀ lẹ wà. Èmi ni mo tẹ́ ẹ̀ní fún yín."

Màmá gbé fọ́tò náà sún mọ́ ojú rẹ̀ títí imú rẹ̀ fi kàn án. Ó pẹ́ níbẹ̀. Ó ń sunkún, ó sì la ẹnu, mo wá rí i pé eyín rẹ̀ àti ti inú fọ́tò, ọ̀kan náà ni. Mo sọ fún un. Mo ní, "Màmá, ẹ jọ ọ́."

Nígbà tí a délé, ó ní kí n kọ̀wé sí àwọn ará Jámánì. Mo kọ ọ́ bó ṣe pè é: orúkọ ìyá rẹ̀ gan-an, pé inú kò bí i, pé ó ń pe ọmọ rẹ̀ ni, àti pé èèyàn márùn-ún ló wà nínú fọ́tò náà, kì í ṣe mẹ́rin. Bàbá olójú-jígí fèsì lọ́sẹ̀ kejì. Ó dúpẹ́, ó ní òun ti tún orúkọ kọ. Àmọ́ ní ti ẹnì karùn-ún, òun ò rí i nínú fọ́tò, ó sì béèrè ẹ̀rí tí a ní pé ẹnì kan wà nínú ilé náà.

Mo ka lẹ́tà náà fún Màmá. Ó ti fi fọ́tò náà lé itan.

Ó ní, "Sọ fún un pé èmi ni."