Ìjì Tí Orval Stuckey Ná Bí Màlúù

Ní Pell Creek, ní Kansas, kò sẹ́ni tí kò mọ̀ pé olóògbé Orval Stuckey ná ìjì bí ẹni ń ná màlúù. Ìjì ayíbírí ló gbé abà rẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ kejì, Marcy Toland, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń díwọ̀n ìjì, wá wo ohun tó bàjẹ́, kó lè mọ ìpele tí ìjì náà wà, láti òdo dé márùn-ún.

“Ìpele kìíní ni, Bàbá.”

“Kìíní kẹ̀! Mẹ́rin ni. Etí mi yìí ló gbọ́ ariwo ẹ̀!”

“A kì í fetí wọ̀n ọ́n. Ohun tó bá wó la fi ń mọ bí afẹ́fẹ́ ṣe sáré tó. Ìṣó lásán lẹ fi kan abà yín mọ́lẹ̀. Ọgọ́rùn-ún máìlì ní wákàtí kan ti tó gbé e.”

“Ó dáa, ẹ jẹ́ ó di mẹ́ta.”

“Ọ̀kan ni, Bàbá.”

“Méjì jálẹ̀, màá fi páì ápù tí Nadine ìyàwó mi ṣe kún un.”

Marcy jẹ páì náà tán, ó sì kọ ọ̀kan sílẹ̀.

Ohun tó bá dunni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. Ọwọ́ ara Orval ló fi kọ́ abà yẹn, ìjì kékeré wá gbé e lọ lójú gbogbo ìlú. Ó búra pé ìjì mìíràn kò ní rí òun fi ṣẹ̀sín. Ló bá kọ́ yàrá kan sẹ́yìnkùlé, ó fi kọnkéré ṣe ògiri, ó fi irin ṣe ilẹ̀kùn, ó sì fi bóòtù irin ńláńlá dè é mọ́lẹ̀ yíká.

“Ṣé ìjì lò ń kọ́lé fún ni?” Nadine ìyàwó rẹ̀ bi í. “Òrùlé ìdáná mi ń jò o!”

“Ìyẹn ṣì lè dúró.”

Ọdún keje ni ìjì ńlá dé. Orval dúró lágbàlá, ó ń wò ó tẹ̀ríntẹ̀rín, àfìgbà tí Nadine wọ́ ọ lápá wọ yàrá náà pẹ̀lú àwọn Kozel mẹ́rin, aládùúgbò wọn. Nígbà tí wọ́n jáde, ilé méjèèjì ti lọ. Nadine ní ó kéré tán, òrùlé ìdáná òun kò jò mọ́.

“Mẹ́rin ni,” Marcy sọ níwájú ilé àwọn Kozel.

“Ṣé ẹ ti rí i! Yàrá tèmi ńkọ́?”

“Òdo. Kò sóhun tó bàjẹ́ níbẹ̀.”

“Òdo! Pẹ̀lú gbogbo bóòtù yẹn?”

“Èèyàn mélòó ló wà nínú ẹ̀, Bàbá?”

“Mẹ́fà.”

Marcy kọ ọ́ sórí bébà kékeré kan, ó sì fún un. Orval bú u títí ó fi wọ ọkọ̀.

Lórí ibùsùn ni Orval kú sí, lọ́jọ́ tí ewé kan ò mì. Nígbà tí Nadine fẹ́ gbé fìlà rẹ̀ kọ́, bébà kan já bọ́ láti inú rẹ̀, ó ti gbó níbi tí wọ́n ti ń ká a. Ó kà á: *Òdo. Èèyàn mẹ́fà.* Nadine rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó ká a padà, ó sì fi í sí àpò àyà ẹ̀wù tí wọ́n fi máa sin ín.