Ikọ́ Lóko Ìrẹsì

Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni Bàbá Ìlà.

Kì í ṣe orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ nìyẹn. Àwọn tó ń bá a gé ìrẹsì ló ń pè é bẹ́ẹ̀, torí láti ìgbà tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti dúdú ló ti ń ṣáájú ìlà. Bí wọ́n bá fẹ́ kórè, gbogbo wọn á tò sí etí oko, dòjé lọ́wọ́. Aṣáájú ló máa ń wà lọ́wọ́ ọ̀tún pátápátá. Ẹni kejì á wà lọ́wọ́ òsì rẹ̀, á fà sẹ́yìn díẹ̀ sí i. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á ṣe tò lọ. Bí aṣáájú bá nàró, wọ́n á nàró. Bó bá mu omi, wọ́n á mu omi. Kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ kọjá rẹ̀.

Àmọ́ bí ẹni ẹ̀yìn bá lé e bá, tí dòjé ti fẹ́ kan aṣáájú ní gìgísẹ̀, ẹni ẹ̀yìn kò ní sọ̀rọ̀. Á kàn wúkọ́. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí aṣáájú yára, tàbí kó bọ́ sẹ́yìn.

Lọ́dún tó kọjá, àbíkẹ́yìn rẹ̀ obìnrin, tó ń gé lọ́wọ́ òsì rẹ̀, wúkọ́. Bàbá ní eruku ni. Ọmọ náà tún wúkọ́. Bàbá ní kí wọ́n bá òun fún un lómi. Gbogbo oko rẹ́rìn-ín, ọmọ mu omi. Ṣùgbọ́n bàbá mọ̀. Ikọ́ yẹn bá a sùn, ó bá a jí, títí ìkórè ọdún yìí fi dé.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìkórè, ilẹ̀ ò tíì mọ́ dáadáa tó ti wà lẹ́yìnkùlé, tó ń pọ́n dòjé. Ó pọ́n ọn, ó fi fá irun apá rẹ̀ wò, ó tún pọ́n ọn. Ìyàwó rẹ̀ bi í bóyá ìrẹsì ló fẹ́ gé ni àbí irin. Ara rẹ̀ ti yá gágá, àfi bí ọmọdé tó fẹ́ lọ síbi ìgbéyàwó. Ìrẹsì ọdún yìí yọmọ débi pé orí rẹ̀ tẹ̀ kanlẹ̀. Ta ló máa rí irú ẹ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ á gbélẹ̀?

Nígbà tí wọ́n dóko, wọ́n rí i pé atẹ́gùn ti da ìlà ọwọ́ ọ̀tún dùbúlẹ̀, ìlà aṣáájú gan-an. Gbogbo orí ìrẹsì ibẹ̀ kọjú sí wọn. Ẹni tó bá gba iwájú wọ̀ ọ́, á ti fi ẹsẹ̀ tẹ ọmọ rẹ̀ pa kí ọwọ́ tó kan ìdí rẹ̀. Bàbá ní òun á gba òpin oko wọlé, kí òun máa bọ̀ wá pàdé wọn.

Bíríkìlà tó ń gbé ilé kejì sí wọn bú sẹ́rìn-ín. Òun ni wọ́n máa bá kórè lọ́la. Ó ní, “Bàbá, ikọ́ lẹ ń sá fún.”

“Ó dáa, wá gé ìlà yìí fún mi.”

Bíríkìlà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbájú mọ́ tirẹ̀.

Òótọ́ ni ìrẹsì ṣubú. Òótọ́ sì tún ni pé kò sẹ́ni tó lè wúkọ́ lẹ́yìn ẹni tó ń bọ̀ níwájú.

Ọmọ rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ó nawọ́ sí kùkùté igi tó wà láàárín oko. “Bàbá, ìdajì oko nìyẹn. Ẹni tó bá kọ́kọ́ débẹ̀ ni kó ṣáájú ìlà lọ́la.”

“Mo gbà.”

Ló bá lọ sí òpin oko, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa sáré. Ojú ọ̀run ti ń ṣú. Ìrẹsì tí wọ́n bá gé tí òjò sì pa á, híhù ló máa hù. Bàbá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ṣá, ṣá, ṣá. Ó gbá a mú, ó gé e, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀. Ẹ̀yìn ń dùn ún, kò nàró. Lódìkejì, wọn ò nàró náà. Bíríkìlà kígbe pé ṣé wọ́n ti gbàgbé pé egungun ni ẹ̀yìn ni. Ọ̀rọ̀ dídùn kì í gé ìrẹsì.

Bàbá gbójú sókè. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé kùkùté! Kò rí ọmọ rẹ̀ níwájú. Inú rẹ̀ dùn, ó gé ti ìkẹyìn, ó na ọwọ́ kó gbá kùkùté mú.

Aṣọ ni ọwọ́ rẹ̀ bà. Ìborùn ọmọ rẹ̀ ni, ó ti so ó mọ́ kùkùté.

Ó wẹ̀yìn. Ọmọ náà ti kọjá lọ tipẹ́ lórí ìlà tirẹ̀, ó ti ń sún mọ́ òpin oko, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ń lọ wìì. Bàbá wo ibi tí ọmọ ti gé. Kò sí ìdí ìrẹsì tó ga ju ìkejì lọ, kò sí ẹyọ kan tó ṣẹ́kù. Bí ó ṣe ń tẹ́ ìtí sílẹ̀, tó ń kọ gbogbo orí wọn sọ́nà kan, bí bàbá ṣe ń tẹ́ tirẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀rín kan ń gbé bàbá nínú, kò mọ ibi tó ti wá.

Ó rìn lọ bá a. Ó dúró ní gìgísẹ̀ rẹ̀, ó sì wúkọ́.

Ọmọ kò gbórí sókè. “Bàbá, ṣé eruku ni?”

“Rárá o. Èmi ni mo wà lẹ́yìn. Máa lọ, aṣáájú.”

Bíríkìlà tó ń gbọ́ wọn ní kí wọ́n tètè bá òun fún bàbá lómi. Ẹ̀rín gba gbogbo oko, bàbá ló sì rín tirẹ̀ pẹ́ jù. Wọ́n gé èyí tó ṣẹ́kù, wọ́n di ìtí, wọ́n ń rù ú sáré lọ sábẹ́ páànù. Bí èyí tó kẹ́yìn ṣe wọlé ni òjò dé.

Lálẹ́, ìyá kọ́kọ́ bu ti aṣáájú. Lẹ́yìn náà ló wá bu ti bàbá: ẹ̀wà gbígbóná àti búrẹ́dì. Ó jẹ ẹ́ tán, ó ní kí wọ́n bu sí i.