Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó Tí Wọ́n Bí sí Mokhotlong

Tí ẹ bá jí Fèyísọ́lá Adéògún lójú oorun ní oṣù keje ọdún 2024, tí ẹ bi í pé òkè wo ló ga jù ní Lesotho, kò ní nu ojú kó tó dá yín lóhùn. Thabana Ntlenyana ni. Mítà 3,482 ni gíga rẹ̀. Ibi tó relẹ̀ jù ní ilẹ̀ ọ̀hún, níbi tí odò Makhaleng ti wọ inú odò Senqu, ṣì ga tó egbèje mítà, èyí tó túmọ̀ sí pé kò sí orílẹ̀-èdè mìíràn láyé tí gbogbo ilẹ̀ rẹ̀ pátá ga ju ẹgbẹ̀rún kan mítà lọ. Inú ọkọ̀ ló ti há gbogbo èyí sórí, lórí freeway, láàárín Richmond tó ń gbé àti Deer Park tó ti ń ṣiṣẹ́ ẹnjiníà. Houston nìyẹn o, níbi tí ilẹ̀ tẹ́jú débi pé afárá ọkọ̀ ni ohun tó sún mọ́ òkè jù.

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó ni Fèyísọ́lá. Ohun tó kọ sínú fọ́ọ̀mù wáẹ́ẹ̀kì nìyẹn, òun ló kọ sí yunifásítì, òun ló wà lórí Facebook rẹ̀, òun náà ló wà nínú pásípọ́ọ̀tù rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, tí ẹ bá ka iye ọjọ́ tó ti sùn sí Ìjẹ̀bú-Igbó, kò lè pé oṣù méjì: ọdún tuntun mẹ́ta àti ìsìnkú bàbá bàbá rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí Yorùbá tó máa ka ìyẹn sí irọ́. Tí wọ́n bá bi wá pé níbo ni wọ́n bí wa sí, ta ló ń dárúkọ ọsibítù? Ìlú bàbá ẹni là ń dárúkọ. Kí ìyá ẹni bí ẹni sínú bàálù lókè Sàhárà, Ìjẹ̀bú ni ọmọ yẹn máa jẹ́ kó tó balẹ̀.

Ìyá Fèyísọ́lá kò bí i sínú bàálù ṣá. Lesotho ló bí i sí, lágbègbè Mokhotlong, lórí àwọn òkè, nígbà tí bàbá rẹ̀ ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé ní ìṣirò níbẹ̀. Ọmọ ọdún méjì ààbọ̀ ni nígbà tí wọ́n kó padà wálé, kò sì rántí ohunkóhun. Nínú ẹbí wọn, wọ́n máa ń dárúkọ Lesotho bí ìgbà tí èèyàn bá ń dárúkọ àìsàn tó ti san.

Amẹ́ríkà ló tún un hú jáde. Fèyísọ́lá wá kàwé, ó gba oyè másítà, wọ́n fún un láǹfààní láti ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ìgbà díẹ̀ náà sì ń tán lọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni iléeṣẹ́ rẹ̀ fi orúkọ rẹ̀ sínú ìbò fíísà iṣẹ́, ẹ̀ẹ̀mejì ni orúkọ ẹlòmíràn jáde. Ọ̀nà kan tó kù ni lọ́tìrì green card, èyí tí wọ́n ti yọ ọmọ Nàìjíríà kúrò nínú rẹ̀ nítorí pé a ti pọ̀ jù lọ́hùn-ún. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ní October 2022, ó ń jẹun lẹ́nu iṣẹ́, ó ń ka òfin lọ́tìrì náà lórí fóònù, ó sì débi tí wọ́n ti ní ìlú tí wọ́n bí èèyàn sí ni àwọn ń wò, kì í ṣe pásípọ́ọ̀tù tó mú lọ́wọ́. Ó gbé ṣíbí kalẹ̀. Bàbá rẹ̀ ti kú, ṣùgbọ́n fáìlì bàbá rẹ̀ wà lọ́dọ̀ rẹ̀, sátífíkéètì ìbí láti Mokhotlong sì wà nínú fáìlì náà. Ó kọ orúkọ sílẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn. Nígbà tó di May ọdún kejì, orúkọ rẹ̀ jáde.

Láti ọjọ́ náà ni Fèyísọ́lá ti di Mosotho, ìyẹn ọmọ Lesotho. Ẹ̀rù kan ṣoṣo ló ń bà á: ọjọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tí wọ́n máa ṣe fún un kó tó gba káàdì. Ó dá a lójú pé ọ̀fíísà máa wo ojú rẹ̀, á gbọ́ bó ṣe ń sọ̀rọ̀, á sì ní, “Ó dáa, sọ fún mi nípa ìlú rẹ.” Ọmọ tó bá sì ti ṣe ìdánwò ní Nàìjíríà mọ ohun kan ṣoṣo tí wọ́n ń ṣe sí irú ìyẹn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í há a sórí.

Ó lẹ ìwé mọ́ dígí ilé ìwẹ̀, ó lẹ ọ̀kan mọ́ ilẹ̀kùn fíríìjì. South Africa ló yí Lesotho ká yípo, kò sí ọ̀nà tí èèyàn máa gbà jáde tí kò ní gba ọ̀dọ̀ wọn kọjá. Kò ní òkun, kò ní èbúté. Fèyísọ́lá máa ń ka èyí sókè ní Deer Park nígbà tí ọkọ̀ òkun tó kó epo, tó ga ju ilé alájà mẹ́wàá, bá ń kọjá lọ níwájú rẹ̀. Ìwọ̀-oòrùn, níbi tó relẹ̀ díẹ̀, ni ọ̀pọ̀ wọn ń gbé, nítorí kò sẹ́ni tó lè gbin àgbàdo sí ẹ̀gbẹ́ àpáta gíga. Àwọn tó wà lókè ń sin àgùntàn àti ewúrẹ́, wọ́n ń ta irun ẹran náà, ẹṣin ni wọ́n ń gùn, kúbùsù ni wọ́n ń dà bora dípò kóòtù. Fún ìran mélòó kan, àwọn ọkùnrin wọn ń lọ wa góòlù fún South Africa nínú ihò ilẹ̀, àwọn obìnrin ló ń di oko àti ilé mú. Àwọn obìnrin náà ló tún wà ní ilé iṣẹ́ ìránṣọ, tí wọ́n ń rán ṣòkòtò jíìnsì fún àwọn ará Amẹ́ríkà. Wọ́n sì ń ta omi. Wọ́n mọ odi ńlá sí Katse, wọ́n gbá omi òjò àti ti yìnyín jọ, South Africa ń rà á lọ́wọ́ wọn. Èyí ka Fèyísọ́lá lára díẹ̀, nítorí ní Houston, omi máa ń wọ pálọ̀ ẹni láìgba kọ́bọ̀, àwọn onílé ló máa ń sanwó kó tó jáde.

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ọjọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò pé, ó wá ẹni tó máa bi í ní ìbéèrè bíi ti ọ̀fíísà. Orí Facebook ló ti rí Alice, nọ́ọ̀sì kan tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, ọmọ Lesotho gidi. Wọ́n pàdé lọ́jọ́ Sátidé ní mall ní Uptown, níbi tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ, Fèyísọ́lá sì bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́ òkè. Alice jẹ ìrẹsì rẹ̀ dé ìdajì kó tó gbé ojú sókè.

“Mítà mélòó lo pè é?”

“3,482, Aunty.”

“Haà. Mi ò mọ̀ bẹ́ẹ̀ o. Maseru ni wọ́n ti bí mi, nísàlẹ̀. Mi ò dé Mokhotlong rí láyé mi. Ó jìnnà, òtútù ibẹ̀ sì pọ̀.”

Fèyísọ́lá wò ó bí olùkọ́ ṣe ń wo ọmọ tí kò ka ìwé rẹ̀ wá. Alice nu ọwọ́, ó ní kó kó ìwé rẹ̀ wá kí òun wò ó. Ó ṣí pásípọ́ọ̀tù.

“Níbo lo ní wọ́n bí ọ sí?”

“Mokhotlong, mà.”

“Kí ni wọ́n kọ síbí?”

Fèyísọ́lá ti mú pásípọ́ọ̀tù yẹn wọ orílẹ̀-èdè méjì, kò wo ibẹ̀ rí. IJEBU-IGBO ni wọ́n kọ ọ́, gàdàgbà gàdàgbà.

“Aunty, ìlú bàbá mi nìyẹn. Bí a ṣe máa ń kọ ọ́ nìyẹn.”

“Èmi gbọ́ ọ. Àwa náà ń ṣe irú ẹ̀. Ọ̀fíísà ò ní gbọ́ ọ.” Ó fa sátífíkéètì ìbí yọ. “Tún wo èyí. July 1993 ni wọ́n bí ọ, ọdún 1995 ni wọ́n tó fi orúkọ sílẹ̀. Wọ́n á ní o lọ ra á ni. Ta ló wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bí ọ?”

“Mọ́mì mi nìkan ni mo mọ̀.”

“Kí wọ́n lọ búra ní kóòtù. Kí wọ́n sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀, níbi tó ti ṣẹlẹ̀, kí o tó wọlé sọ́dọ̀ ọ̀fíísà.”

Fèyísọ́lá ò lè jẹ ìyókù oúnjẹ rẹ̀. Bí wọn ò bá fọwọ́ sí i títí di ọjọ́ ọgbọ̀n oṣù kẹsàn-án, lọ́tìrì náà ti kú nìyẹn, òun náà á sì di ẹrù ilé.

Ìyá rẹ̀, Ìyáàfin Adépéjú Adéògún, hẹ́dímísíírẹ́sì tó ti fẹ̀yìntì, ń gbé ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Ọjọ́ Sunday ni ọmọ pè é, lẹ́yìn ìsìn.

“Ẹ káàsán mà. Mọ́mì, mo nílò affidavit kan lọ́wọ́ yín.” Ó ṣàlàyé.

“Kí n lọ búra ní kóòtù pé ọmọ mi kì í ṣe ọmọ ibí?”

“Place of birth ni, Mọ́mì. Ẹ kàn máa sọ pé Lesotho lẹ bí mi sí.”

“Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi fill fọ́ọ̀mù pásípọ́ọ̀tù yẹn. Mo mọ ohun tí mo kọ. Ìlú tí kò sí ọ̀gẹ̀dẹ̀, tí kò sí ata! Òkè níwájú, òkè lẹ́yìn. Orúkọ yẹn ò ní ti ẹnu mi jáde ní kóòtù.”

“Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́. Wọ́n máa dá mi padà wálé o.”

“Ṣé ilé burú ni?”

Ó gé fóònù. Fèyísọ́lá jókòó sínú ọkọ̀ nínú ọgbà apartment rẹ̀, ó sunkún. Odidi ọjọ́ mẹ́fà ni ìyá rẹ̀ kò fi gbé ìpè. Kò rí ohun mìíràn ṣe, ó há orúkọ òkè mọ́kànlá mìíràn sórí.

Lọ́jọ́ keje, àwòrán ìwé kan wọlé sórí WhatsApp, láìsí ọ̀rọ̀ kankan nídìí rẹ̀. Ìwé gan-an dé lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún. Èdè Gẹ̀ẹ́sì kóòtù ni wọ́n fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n ohùn ìyá rẹ̀ ni Fèyísọ́lá ń gbọ́ nínú rẹ̀. Èmi, Adépéjú Adéògún, obìnrin, Kristẹni, búra pé ọjọ́ kọkànlá oṣù keje 1993 ni mò ń lọ sí ọsibítù Mokhotlong nínú ọkọ̀ ilé-ìwé. Yìnyín dí ọ̀nà. Awakọ̀ fi ẹsẹ̀ rìn lọ wá ìrànlọ́wọ́. Obìnrin kan tó ń gun ẹṣin kọjá rí mi nínú ọkọ̀, ó sì mú mi lọ sí ilé rẹ̀ lórí òkè. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ilé náà ni mo bí ọmọ mi Fèyísọ́lá sí, obìnrin náà ló gbẹ̀bí rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo lò lórí ibùsùn rẹ̀, tí òun ń jókòó sùn. Àgùntàn kan ṣoṣo ló so mọ́lẹ̀, ó pa á fún mi. Mi ò gbọ́ èdè rẹ̀, kò gbọ́ tèmi. Nígbà tí ọ̀nà là, ọkọ mi wá mú wa. Níbi tí akọ̀wé kóòtù ti bèèrè orúkọ ẹlẹ́rìí, wọ́n kọ ọ́ pé: Olùbúra kò bèèrè orúkọ rẹ̀.

Fèyísọ́lá kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹnikẹ́ni ò sọ ìtàn yìí létí rẹ̀ rí, ó sì dùn ún pé ìjọba Amẹ́ríkà ló máa kọ́kọ́ bá òun gbọ́ ọ.

Lọ́jọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, ọ̀fíísà náà, ọkùnrin tó ti rẹ̀, gbé pásípọ́ọ̀tù sọ́tùn-ún, sátífíkéètì sósì. Ó bi í léèrè bí wọ́n ṣe bí i sí ìlú méjì. Fèyísọ́lá ṣàlàyé ìlú bàbá ẹni. Ojú ọkùnrin náà fi hàn pé kò yé e. Ó mú ìwé ìyá rẹ̀, ó kà á, ó tún padà sókè, ó tún un kà.

“Ìyá rẹ ṣì wà láyé?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

“Ó dáa.” Ó lu òǹtẹ̀, ó ní kó máa retí káàdì rẹ̀ nínú lẹ́tà.

Fèyísọ́lá jókòó síbẹ̀. Kò lè mú un mọ́ra. “Thabana Ntlenyana,” ló sọ, “mítà 3,482.”

“Ẹ má bínú, kí lẹ sọ?” ni ọkùnrin náà wí, ó sì ń wo ẹnu ọ̀nà fún ẹni tó kàn.

Káàdì dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Fèyísọ́lá pe ìyá rẹ̀ níbi àpótí lẹ́tà gan-an.

“Mọ́mì, ó ti dé o!”

“Olúwa ṣé. Mo bá ẹ yọ̀. Kí ni wọ́n kọ síbi tí wọ́n bí ẹ sí?”

“Lesotho, mà.”

Ó ń retí ìjà. Ìjà ò wá.

“Ọdún méjì ààbọ̀ la tún lò níbẹ̀ lẹ́yìn tí mo bí ẹ,” ni ìyá rẹ̀ wí. “Láti ilé wa dé ilé obìnrin yẹn, tí ò bá sí yìnyín, wákàtí kan ni. Gbogbo ìgbà tí Dádì ẹ bá ní ká gbé ọmọ lọ hàn án, màá ní òkè yẹn ti ga jù. Ìyàwó tísà, tó bímọ sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ojú ló ń tì mí. Bí a ṣe kó wálé nìyẹn.” Ó mí kanlẹ̀. “Fèyí, ìwọ lo ka ìwé wọn. Òkè yẹn, báwo ló tiẹ̀ ṣe ga tó?”

“Wákàtí kan lẹ pè é, Mọ́mì,” ni Fèyísọ́lá dáhùn, kò sì ka mítà kankan.