Ọjọ́ Tí Yèyé Asimawu Wọ Yunifásítì

Bí ẹ bá dárúkọ Yèyé Asimawu ní Atikori, ọ̀rọ̀ ọjọ́ tó wọ yunifásítì ní Àgọ́-Ìwòyè ni wọn yóò kọ́kọ́ sọ fún yín. Aqeelah, ọmọ ọmọ-ọmọ rẹ̀, ló ń kàwé níbẹ̀, ó sì ti ránṣẹ́ pé òun ò ní lè wálé lọ́sẹ̀ náà. Yèyé se ìkọ́kọrẹ́, ó kó o sínú kúlà, ó gun ọ̀kadà Fuad, ẹ̀gbọ́n Aqeelah, ó di inú kíláàsì. Dókítà Gbóyèga tó ń kọ́ wọn lẹ́kọ̀ọ́ rọra bẹ̀ ẹ́ pé kó dúró níta. Yèyé jókòó sórí bẹ́ǹṣì iwájú, ó ní kó máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ, òun ò dí i lọ́wọ́. Fún wákàtí kan gbáko ló ń mi orí. Nígbà tí Dókítà béèrè bóyá ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè, ọwọ́ kan ṣoṣo ló lọ sókè.

“Ùwọ tó ti ń sọ̀rọ̀ látàárọ̀,” Yèyé ní, “o ti jẹun?”

Dókítà ò tíì jẹun. Aqeelah ní kí ilẹ̀ lanu kó gbé òun mì, ilẹ̀ ò dáhùn. Dókítà ló kọ́kọ́ jẹ ìkọ́kọrẹ́ náà, ìsàlẹ̀ kúlà ló padà kan Aqeelah.

Yèyé ti lọ báyìí. Òní ló pé ọjọ́ kẹjọ, gbogbo ẹbí sì ti jókòó sí iwájú ilé, wọ́n ń dúró de Alùfáà tí yóò ṣe àdúrà fídáù. Ìtàn ìkọ́kọrẹ́ yìí ni wọ́n ń sọ tí wọ́n fi ń rẹ́rìn-ín, àfi Aqeelah. Òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni Yèyé kú, òkú Mùsùlùmí kì í sì í pẹ́ nílẹ̀. Kí Aqeelah tó jáde nínú ìdánwò àṣekágbá rẹ̀, wọ́n ti bo ilẹ̀. Kò sẹ́ni tó pè é kí ìyá náà tó dákẹ́. Láti ọjọ́ náà, bí Fuad bá ti lanu, á dìde kúrò níbẹ̀. Inú ń bí i, ó sì ń dùn ún wọra.

Ṣéhù, bàbá wọn àgbà, àkọ́bí Yèyé, ní kí wọ́n sọ iye ọdún tí àwọn yóò pè fún Alùfáà. Wàhálà dé. Ọjọ́ orí Yèyé kì í dúró lójú kan. Ìyá kan wá láti Mamu, ó ní òun ti pé àádọ́rùn-ún, Yèyé ní òun pọ̀n ọ́n dàgbà ni, ó sì di méjìdínlọ́gọ́rùn-ún lójú ẹsẹ̀. Nígbà tí dókítà ilé ìwòsàn ní kó yéé jẹ iyọ̀ nítorí àgbà, ó padà sí méjìléláàádọ́rin.

“Èmi ti pé àádọ́rin,” Ṣéhù ní. “Tí a bá tẹ̀ lé ti dókítà, ọdún méjì péré ni ìyá mi fi jù mí lọ.”

Ẹ̀rín jábọ́ lẹ́nu Aqeelah, ló bá di ẹkún. Ó ní kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín, wọ́n kúkú rí Yèyé kó tó lọ. Ọ̀dọ̀ òun ò jìnnà, wọn ò sì ka òun sí ẹni tí wọ́n ń pè.

Ṣéhù ní kó jókòó, kó sì jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ̀rọ̀ tán.

Fuad ní òun gbé fóònù láti pè é ní ìdájí ọjọ́ Ìṣẹ́gun náà. Yèyé tí ò lè gbé ṣíbí láti ọjọ́ mẹ́ta já a gbà. Ó gba ti gbogbo ará ilé, títí kan ti Ṣéhù, ó kó wọn sábẹ́ ara rẹ̀, ó sì sùn lé wọn. Ọ̀kan ń dún lábẹ́ rẹ̀, ó ní kí ẹni tó ń pè má bínú. Orí wọn ló kú sí. Nígbà tí wọ́n fi rí wọn kó jáde, Aqeelah ti pa fóònù tirẹ̀, ó ti wọ gbọ̀ngàn ìdánwò.

“Kí ló sọ?” Aqeelah béèrè.

“Ó ní, ‘Ẹ jẹ́ kó kọ uṣẹ́ rẹ̀ parí. Èmi ò ka ùwé. Òun ló ń bá mi kà á.’”

Alùfáà dé, ó bẹ̀rẹ̀ àdúrà, gbogbo wọn gbọ́wọ́ sókè. Aqeelah náà gbọ́wọ́ sókè, omi ń dà lójú rẹ̀, ẹ̀rín sì wà lẹ́nu rẹ̀.

“Yèyé,” ó rọra wí, “a ti kà á tán.”